Pọ́ǹpù kan ń jẹ bẹ́árìn léraléra: ṣé sẹ́ńsọ̀ ló kàn ni, àbí ìwádìí?

Alábòójútó_Ẹ̀rọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ àtúnṣe ni mo ń bójú tó ní ilé iṣẹ́ kan tí pọ́ǹpù, fáànù ńlá, konpúrẹ́sọ̀ àti àpótí jíà pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù omi wa ń jẹ bẹ́árìn ṣáá, ìyẹn òrùka inú àti òrùka òde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù láàárín, tó ń gbé ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí) ró. A ó pààrọ̀ rẹ̀, kò ní pẹ́, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ bá sì wọ̀ wá lọ́rùn jù ló máa ń dẹnu kọlẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọ̀gá ti pàdé àwọn kan tó ń ta ètò AI. Wọ́n ní kí a lẹ sẹ́ńsọ̀, ohun èlò kékeré tó ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí, mọ́ gbogbo ẹ̀rọ, pé ètò náà á máa sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́ fún wa. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé: kí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń rí ní tòótọ́, ibo sì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Olùka_Ìgbọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí a tó dé orí sẹ́ńsọ̀, níbo ni bẹ́árìn tí ẹ yọ kẹ́yìn wà? Bí ẹ bá ti jù ú nù, ẹlẹ́rìí tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù lẹ jù nù yẹn. Ẹ wá a kàn ná, kódà bó bá wà láàárín àwọn àlòkù irin. Ẹ má fọ̀ ọ́ o.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ á sọ fún yín pé bẹ́árìn ń kú lọ, kò ní sọ ohun tó ń pa á. Bí ohun tó ń pa á bá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo owó tí ẹ ná, kí ẹ kàn lè tètè mọ̀ pé ẹ tún fẹ́ pààrọ̀ bẹ́árìn ni. Ìyẹn náà wúlò, torí ó sàn kí ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ tí ẹ yàn fún un ju kó dúró lọ́jọ́ tó wù ú lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ṣì wà lára pọ́ǹpù.

Olùwádìí_Irin

Òótọ́ ni Olùka_Ìgbọ̀n sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ka bẹ́árìn tó ti kú, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń da ìmọ̀ yìí nù lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà. Ẹ fi máákà fa ìlà kan láti ara ilé bẹ́árìn bọ́ sára òrùka òde, kí ẹ lè mọ apá tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e dé orí tábìlì. Ẹ bu gírísì inú rẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ gé òrùka òde sí méjì kí ẹ wo inú rẹ̀ lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀.

Ẹ máa rí ipa ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀lù ń tọ̀. Nínú bẹ́árìn tí ẹrù ń tẹ̀ sójú kan, tí òrùka inú sì ń yí, ipa yẹn kì í ju nǹkan bí ìdajì òrùka òde lọ, ó sì máa ń wà ní àárín gbùngbùn. Tó bá yí òrùka òde po pátápátá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́árìn ti há jù, bóyá ṣáàfù tóbi fún un tàbí ilé rẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ ibi méjì tó dojú kọra ni ipa náà ti hàn, ilé bẹ́árìn ti fún mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò yípo dáadáa mọ́. Tí ipa náà bá dagun, tó bẹ̀rẹ̀ lápá kan òrùka tó sì sún lọ sí apá kejì, òrùka inú àti òrùka òde ò dojú kọra gún régé. Ẹ gba èyí gbọ́ ju ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ, torí bẹ́árìn ò lè purọ́ nípa ibi tí ẹrù ti tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá rí ìlà tó tò tẹ̀ léra ní àlàfo kan náà, bíi ojú páànù òrùlé, iná mànàmáná ló ń gba inú bẹ́árìn kọjá. Mọ́tò iná tí VFD, àpótí iná tó ń mú kí mọ́tò yára tàbí kó falẹ̀, ń darí eré rẹ̀ ni èyí wọ́pọ̀ sí jù. Ẹ pààrọ̀ bẹ́árìn títí láé, kò ní yanjú, àfi tí ẹ bá fún iná náà ní ọ̀nà míì tó máa gbà dé ilẹ̀, tàbí tí ẹ bá lo bẹ́árìn tí iná kò lè là kọjá. Ojú ibi tó jìn díẹ̀díẹ̀ káàkiri láìsí ètò, ìdọ̀tí ló wọlé. Èyí tó jìn ní àlàfo kan náà bí àwọn bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà síra, ẹnìkan ló fi òòlù gbá a wọlé, tàbí kó jẹ́ pọ́ǹpù àdúrótì tó dúró láìyí, tí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹ máa yí ṣáàfù pọ́ǹpù àdúrótì lóòrèkóòrè.

Ọmọṣẹ́_Tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí a ò kàn ní í pààrọ̀ bẹ́árìn ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, bó bàjẹ́ bí kò bàjẹ́? Ṣé ìyẹn kò ní mú gbogbo wàhálà yìí kúrò?

Onírìn_Àjò_Ẹ̀rọ

Àbúrò, ìbéèrè yẹn ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí. Ní 1978, Nowlan àti Heap, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní United Airlines, kọ ìròyìn kan fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí bí ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń bàjẹ́. Nínú ohun tí wọ́n wò, nǹkan bí 11 péré nínú 100 ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń gbó. Àwọn tó kù lè bàjẹ́ nígbàkigbà, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn 68 nínú 100, sì máa ń ní ewu jù nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara ẹ̀rọ.

Kí ẹ wò ó, tó bá jẹ́ pé ìgbà tuntun ni ewu pọ̀ jù, gbogbo ìgbà tí a bá tú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a tún ti dá a padà sí ìgbà ewu nìyẹn. C. H. Waddington rí irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tó ń bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ etíkun ṣiṣẹ́: àìsàn ọkọ̀ máa ń pọ̀ sí i gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ tán, á sì máa dínkù bí ọkọ̀ ṣe ń fò lọ.

Iye ọdún tí wọ́n kọ sínú ìwé bẹ́árìn pàápàá, tí wọ́n ń pè ní L10, ohun tó túmọ̀ sí ni iye ìyípo tí 90 nínú 100 irú bẹ́árìn bẹ́ẹ̀ máa lò kọjá lábẹ́ ẹrù kan. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lára pọ́ǹpù yín, kò sẹ́ni tó lè tinú nọ́ńbà yẹn mọ ọjọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ dànù bí ẹ ṣe ń lò ó, bíi béláàtì, páàdì bíréèkì, síìlì kan, ẹ lè fi kàlẹ́ńdà pààrọ̀ wọn kẹ́ ẹ sì sùn dáadáa.

Olùka_Ìgbọ̀n

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí wíwọn ìgbọ̀n ń rí, torí òun ló bá pọ́ǹpù àti fáànù mu jù.

Ẹ̀rọ tó ń yí 1,470 láàárín ìṣẹ́jú kan ń yí 24.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìgbọ̀n bá ga ní 24.5 hertz (iye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gan-an, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni bálánsì: ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ abẹ́ fáànù, tàbí apá kan rẹ̀ ti jẹ. Tó bá ga ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 49, mo máa lọ wo aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn bóyá ṣáàfù mọ́tò àti ti pọ́ǹpù wà lórí ìlà kan náà. Tó bá tò lọ gbọọrọ ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, bóòtù ìdí ẹ̀rọ ti tú tàbí ìpìlẹ̀ ti sán. Kì í ṣe òfin tí kò yẹ̀ o, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ti bẹ́árìn yàtọ̀. Tí bọ́ọ̀lù 9 bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi 0.4 lu 9, kẹ́ ẹ fi lu 24.5, ó di nǹkan bí 88 hertz. Ibẹ̀ ni òrùka òde tó bá ti là máa ń kígbe. Ẹ fi 0.6 rọ́pò 0.4, ó di nǹkan bí 132, ti òrùka inú nìyẹn. Ìṣirò ìdákúrẹ́kú ni, ìwé ẹni tó ṣe bẹ́árìn á fún yín ní èyí tó péye. Àwọn nọ́ńbà yìí kì í ṣe ìlọ́po gígún ti eré ṣáàfù, òun ló jẹ́ ká lè dá wọn mọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, igbe náà kéré débi pé ariwo ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tajà fún yín fi hàn yín bóyá ètò rẹ̀ lè ṣe envelope, ìyẹn kó yọ ìgbọ̀n ńláńlá kúrò, kó wá gbọ́ ìkọlù kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Tí kò bá lè ṣe é, ìgbà tí bẹ́árìn bá ti bàjẹ́ jìnnà ló máa tó sọ fún yín.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: bí a ṣe so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Sẹ́ńsọ̀ tí a fi ọwọ́ dì mú kò ṣeé gbára lé mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 1,000 hertz. Mágínẹ́ẹ̀tì sàn jù ú lọ. Èyí tí a fi bóòtù dè mọ́ ojú irin tó tẹ́jú ló ń gbọ́ jìnnà jù. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ má so ó mọ́ ìdérí pẹlẹbẹ tó bo fáànù mọ́tò, ìdérí yẹn ní ìgbọ̀n tirẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé iye wo ni ìgbọ̀n tó pọ̀ jù. Fún ẹ̀rọ 15 sí 75 kW, tábìlì inú ISO 10816-1, ìwé ìlànà àgbáyé lórí ìgbọ̀n ẹ̀rọ, fi 2.8 mm/s ṣe ibi tó yẹ kí ara ti máa fu yín, ó fi 7.1 ṣe ibi ewu. ISO 20816 ló rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó ti ń wà ní 1.2 látọjọ́ pípẹ́ tó wá bọ́ sí 2.4 ni kẹ́ ẹ lọ bá kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì ò tíì bínú.

Ìyá_Láàbù

Ẹ má gbàgbé àpótí jíà àti konpúrẹ́sọ̀ o. Ọ́ìlì inú wọn ń sọ̀rọ̀ kí ìgbọ̀n tó sọ. A ń wo irú irin tó wà nínú rẹ̀: irin lásán wá láti ara jíà àti ṣáàfù, bàbà sábà máa ń ti ara búṣì tàbí kéèjì bẹ́árìn wá. Silicon tó ga, eruku ń wọlé, ẹ lọ wo fílítà afẹ́fẹ́ àti síìlì. Sodium tàbí potassium, omi ìtútù ti ń jò wọnú ọ́ìlì. A tún ń ka iye ìdọ̀tí pẹ̀lú ISO 4406, nọ́ńbà mẹ́ta bíi 18/16/13, fún ìdọ̀tí tó ju 4, 6 àti 14 micron (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún milimítà) lọ. Bí nọ́ńbà bá fi 1 gòkè, nǹkan bí ìlọ́po méjì ìdọ̀tí nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ibi kan náà ni kẹ́ ẹ ti máa bu ọ́ìlì ní gbogbo ìgbà, kí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Èyí tí ẹ bù nísàlẹ̀ táńkì lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sùn mọ́jú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lẹ bù wá fún mi, èsì rẹ̀ á sì dẹ́rù bà yín lásán.

Wáyà_Gbígbóná

Lápá iná: kámẹ́rà tó ń rí ooru dára fún ibi tí wáyà ti so pọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, ẹ sì fi fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Bàbà tó ń dán máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á dà bíi pé ó tutù nígbà tó ń jóná lọ. Ẹ lẹ téèpù iná dúdú mọ́ ọn ṣáájú, nígbà tí iná kò sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa wọn téèpù náà.

Mọ́tò ńlá tí ẹ kò lè dé ìdí rẹ̀, ẹ wọn iná tó ń fà láti inú páànẹ́lì. Mọ́tò 50 hertz tó ń yí 1,470 dípò 1,500, tí ọ̀pá inú rotor rẹ̀ (apá mọ́tò tó ń yí) bá ti kán, òkè kéékèèké á yọ ní 48 àti 52 hertz, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50. Ẹrù gbọ́dọ̀ wà lórí mọ́tò kó tó hàn dáadáa. Ti tiransfọ́mà, gáàsì inú ọ́ìlì rẹ̀ ni a ń wò. Bí acetylene bá yọ, ẹ má fi jáfara, torí iná ń ta pàrà nínú rẹ̀. Michel Duval ti Hydro-Québec ní Kánádà ti ya onígun mẹ́ta kan ní 1974 tí a ṣì ń fi ka methane, ethylene àti acetylene títí dòní.

Oní_Dátà

Èmi ni mo ń kọ irú ètò AI tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, mo sì gbàgbọ́ nínú iṣẹ́ náà gidigidi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n.

Àkọ́kọ́, ibo ni ètò náà ti kọ́ nǹkan? Láti mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa bàjẹ́, ó nílò àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tó pọ̀ tí wọ́n wọ̀n látìgbà tí ara wọn le títí wọ́n fi dákẹ́. NASA ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, C-MAPSS lorúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe àfarawé àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn. Ní ilé iṣẹ́ gidi, a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú tán. A ti pààrọ̀ bẹ́árìn nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ariwo, nítorí náà àpẹẹrẹ ikú ṣọ̀wọ́n, ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà sì sábà máa ń jẹ́ «a tún un ṣe». Ìyẹn kò kọ́ kọ̀ǹpútà ní nǹkan kan. Ohun tó ṣeé ṣe kíákíá ni kí ètò mọ ìwà ẹ̀rọ nígbà tí ara rẹ̀ dá, kó sì pe yín tí ìwà náà bá yí padà. Ẹni tó bá ní òun lè sọ ọjọ́ gan-an láìtíì rí ẹ̀rọ yín rí, ẹ ní kó fi ẹ̀rí hàn.

Ìkejì, iye ìkìlọ̀. Ká ní sẹ́ńsọ̀ 200 lẹ lẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí. Ìwọ̀n 4,800 nìyẹn lójúmọ́. Bí ètò bá ṣìnà lórí 1 péré nínú 100, ìkìlọ̀ èké 48 ló máa dé lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ka ìkìlọ̀ mọ́. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń dín in kù, kẹ́ ẹ sì rí i pé eré ẹ̀rọ àti ẹrù orí rẹ̀ wọ inú dátà, torí pọ́ǹpù tó ń ti omi púpọ̀ ò lè gbọ̀n bí èyí tí fáàfù rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Ìkẹta, aago. Ẹ rí i pé aago sẹ́ńsọ̀, ti PLC (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ) àti ti páànẹ́lì iná bára mu. Lọ́jọ́ ìwádìí, ẹ máa fẹ́ mọ èwo ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú nínú kí fáàfù pa dé àti kí ìgbọ̀n gòkè. Bí aago kan bá fi ìṣẹ́jú méjì yàtọ̀, ẹ lè dá ẹjọ́ náà sódì.

Olùwádìí_Irin

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn dun mí dé ọkàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní Sayano-Shushenskaya, ilé iṣẹ́ iná olómi ńlá ní Rọ́ṣíà, ìdérí tọ́bàìnì kejì já kúrò, omi ya wọlé, èèyàn 75 sì kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo bóòtù tó de ìdérí náà, nínú 49 tí wọ́n rí, 41 ló ti ní ìlà sísán tó ti ń jẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbọ̀n tọ́bàìnì náà sì ti ga kọjá ààlà ṣáájú. Ohun èlò tó ń wọn ìgbọ̀n wà níbẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: tí nọ́ńbà bá dé ibi báyìí, ta ló ní àṣẹ láti pa ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó tún lọ tọrọ àyè?

Ọmọṣẹ́_Tuntun

Ẹ̀gbọ́n Olùwádìí, tó bá jẹ́ ṣáàfù tàbí bóòtù ló kán ńkọ́?

Olùwádìí_Irin

Ẹ má fi ojú méjèèjì tó kán pọ̀ mọ́ra láti wò bóyá wọ́n bára mu. Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ ṣe é, òun ló sì ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù. Ẹ fi ọ́ìlì tó mọ́ ra wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà, kẹ́ ẹ we ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Tí ẹ bá rí ìlà roboto tó tẹ̀ léra láti ibì kan, sísán náà ti pẹ́, ibi tí àwọn ìlà náà yípo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ igun tó mú ṣánṣán, ojú kíwéè (kòtò tóóró tí a gbẹ́ sára ṣáàfù) tàbí ojú ìpẹtà. Apá tó rí gbàgà-gbàgà ni ó já kẹ́yìn. Bí apá yẹn bá kéré, ẹrù orí ṣáàfù kò pọ̀, a jẹ́ pé kẹ́ ẹ wá ohun tó bẹ̀rẹ̀ sísán náà, ẹ má lọ ra ṣáàfù tó nípọn sí i.

Alábòójútó_Ẹ̀rọ

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A ti rí bẹ́árìn náà, a sì gé e. Ipa ọ̀nà bọ́ọ̀lù nínú òrùka òde dagun gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ fi lésà ṣe aláínmẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n gbé pọ́ǹpù padà, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó dára. Omi gbígbóná ni pọ́ǹpù náà ń fà.

Olùka_Ìgbọ̀n

Há, omi gbígbóná! Ṣé ìgbà tí ẹ̀rọ tutù ni wọ́n ṣe aláínmẹ́ǹtì yẹn? Irin ń gùn ní nǹkan bí micron 12 lórí mítà kan fún 1°C kọ̀ọ̀kan tí ooru rẹ̀ bá fi gòkè. Tí àárín ṣáàfù pọ́ǹpù bá ga tó ìdajì mítà láti ìdí rẹ̀, tí ooru rẹ̀ sì gòkè ní 50°C, ó ti sún sókè ní 0.3 mm, mọ́tò ò sì bá a gòkè tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó dára ní tútù ti bàjẹ́ ní gbígbóná.

Ohun kejì ni páìpù, òun ni mo sì fura sí jù, torí ipa tó dagun báyẹn sábà máa ń wá láti ara ilé pọ́ǹpù tí nǹkan fà wọ́. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáàfù méjèèjì, kẹ́ ẹ fa omi inú rẹ̀ gbẹ kó sì tutù. Ẹ gbé dial gauge, ohun èlò alábẹ́rẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe sún, lé kọ́pílìǹgì tó so ṣáàfù mọ́tò mọ́ ti pọ́ǹpù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹnìkan máa tú bóòtù fùláńjì páìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíì tẹjú mọ́ gauge. Bí abẹ́rẹ́ bá sún ju 0.05 mm lọ, páìpù ló ń fa pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bóòtù ẹsẹ̀ pọ́ǹpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹsẹ̀ kan bá gbéra, kò jókòó dáadáa.

Ẹ ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó dá àwọn ọ̀gá lóhùn lórí AI. Tó bá jẹ́ páìpù, ẹ tún dídúró rẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ wá fi sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀n méjì sí pọ́ǹpù yìí nìkan, kí ẹ fi rí i bóyá àtúnṣe náà dì mú. Àwọn pọ́ǹpù yòókù tí ẹ so páìpù wọn lọ́nà kan náà ló kàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi àwòrán òrùka òde náà síbí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́árìn àti eré mọ́tò, mo máa bá yín ṣírò ibi tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò lórí spectrum, àwòrán tó ń fi bí ìgbọ̀n ṣe ga tó ní hertz kọ̀ọ̀kan hàn.